Pẹ̀lú Ìlù Léjìká, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu

Onílù tó bá wọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, kó jí kí zémíjàn, àwọn ọ̀kadà ibẹ̀, tó kún títì. Àárọ̀ ni awọ máa ń sọ òótọ́. Ìlú etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lóru. Bí dùndún bá sùn sórí sìmẹ́ńtì, á ti mu omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn rẹ̀ á wúwo bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri inú ilé lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ, ẹ máa yí i padà ní ìṣẹ́jú 5 sí ara wọn, kí ojú méjèèjì lè gbẹ bákan náà. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Ọṣán kan náà, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, ló so ojú méjèèjì pọ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá gbẹ ju èkejì lọ, ohùn kò ní dúró lójú kan. Oòrùn ọ̀sán kò dára fún awọ tó ṣì tutù: eré ni á fi súnkì, etí ẹgi, òrùka tó yí ojú ìlù ká, sì ni yóò ti kọ́kọ́ ya. Ẹ̀yin tí ẹ ní gúdúgúdú, ẹ gbé tiyín sábẹ́ òjìji bí oòrùn bá ti ń mú, kí ìda ojú rẹ̀ má baà rọ̀ kó ṣàn.

Nígbà tí ìlù ń yá oòrùn, ẹ̀kọ mímu gbígbóná àti àkàrà ni oúnjẹ àsìkò náà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìlù bí epo àkàrà bá ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ fọwọ́, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ tó gbé apá ìlù, ìgbànú tí a fi ń gbé e, kọ́ èjìká, kí ẹ wá lù ú wò: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Bí ohùn òkè bá kọ̀ láti jáde àfi kéèyàn fún ọṣán títí apá fi ń ro ó, awọ kò tíì gbẹ, ẹ ní sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde wẹ́rẹ́, tí ìlù sọ pé “ẹ kú àárọ̀ o,” tí ìyá arúgbó kan sì dáhùn láti ojú fèrèsé kejì pé “ẹ kú ìlù o, ọmọ Àyàn,” owó wo lẹ tún ń wá lọ́jọ́ yẹn? Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọpẹ́ onílù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú agbo àti owó níná lórí tẹ̀ lé e ni.

Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Ààfin Honmè wà níbẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, àwọn Gùn sì ní Àjọgán, orin ààfin tí wọ́n fi ọ̀pá irin olórùka ṣe. Ìró òrùka wọ̀nyẹn tinrin, ó mú, kò jọ ti ṣaworo wa rárá. Ẹ lọ gbọ́ ọ bí ẹ bá rí àyè, ẹ sì wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní àrà ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà dé.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu lé ní 100 kìlómítà, ọ̀nà náà sì gba Ṣakété àti Pobè kọjá. Ẹni tí zémíjàn máa gbé dé ibùdókọ̀, kó fi ìlù sí àárín ara rẹ̀ àti awakọ̀, kó fi apá ìlù náà kọ́ ọrùn. Kò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n gbé e lé orí táǹkì, nítorí ooru àti epo. Kí ẹyọ owó sẹ́fà 100 àti 200 wà lápò, nítorí “mi ò ní ṣéńjì” ni orin àárọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Nínú ọkọ̀ èrò, èèyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń kó síwájú pẹ̀lú awakọ̀, mẹ́rin sẹ́yìn. Bí ìyáàlù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ san owó àyè méjèèjì iwájú, ẹ gbé e lé itan. Wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn kó o sẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ ẹrù. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ooru ibẹ̀ pọ̀, àpò gàrì a máa tẹ ọṣán mọ́lẹ̀, bí jálá epo kpàyó, bẹntiróòlù fàyàwọ́, bá sì wà níbẹ̀ tó jò sára awọ, awọ náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ di ọṣán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sápò, pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́ (ọ̀pá ìlù) kejì, ọ̀bẹ kékeré, àkísà mímọ́ àti ọ̀rá ńlá nítorí òjò. Bí ọṣán bá já lọ́nà, ẹ má ṣe ta á ní kókó láàárín. Ibẹ̀ ni apá yín ti ń fún un, kókó náà á sì máa ha àwọn yòókù títí wọ́n á fi já. Ẹ fa èyí tó já yọ. Ẹ rẹ tuntun sínú omi fún bí ìdajì wákàtí, ẹ fà á gba ojú ihò tí ti àkọ́kọ́ gbà nígbà tó ṣì rọ̀, kí kókó rẹ̀ wà létí ẹgi níbi tí ọwọ́ kì í dé. Lábẹ́ òjìji ni kó gbẹ sí. Lásìkò ọyẹ́, òdìkejì ni ìṣòro: awọ á le gan-an, ohùn á ga jù. Àkísà tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan péré lójú awọ, ni oògùn rẹ̀.

Tí ẹ bá dé Kétu, ẹ kọ́kọ́ wo Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó rí ogun Dàhómì tó fọ́ ìlú náà ní 1886. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó yọ ìlù nínú àpò, ẹ lọ kí àwọn àgbà onílù ibẹ̀ pẹ̀lú obì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lù kó tó kí, wọ́n á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi nǹkan kan hàn án.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń fa onílù lọ sí Kétu, UNESCO pàápàá kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ iṣẹ́ àrà nínú àjogúnbá ìran ènìyàn. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, apá orin àti àwàdà rẹ̀, ó sì lè wọ ìdájí, nítorí náà ẹ mú ẹní, aṣọ òtútù àti ẹ̀pà dání. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù, ẹ̀yìn wọn ni kó jẹ́, kí ẹ lè rí ọwọ́ wọn àti ẹsẹ̀ eléré pa pọ̀. Ìyáàlù á sọ gbólóhùn kan, ṣaworo ẹsẹ̀ á sọ ọ́ tẹ̀ lé e láìfo ọ̀rọ̀ kan, awọ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń lu ìlù nìkan ló mọ bí ìdákẹ́ yẹn ṣe ṣòro tó, òun náà ló sì ń dùn mọ́ jù. Àwọn mìíràn á pariwo, onílù á kàn mi orí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ọmọ ìlù ni kí ẹ gbà, ẹ má nawọ́ sí ìyáàlù. Lílu ìró kan náà fún wákàtí kan láìyà kúrò kò níyì lójú èrò, ó níyì lójú àwọn tó jókòó tì yín. Àwòrán yíyà gba ìyọ̀ǹda, iná fóònù lójú eléré sì jẹ́ àfojúdi.

Láàárọ̀, ẹ nu òógùn kúrò lára awọ àti apá ìlù kí ẹ tó dì í. Iyọ̀ inú òógùn a máa mú awọ le. Ẹ tú ohunkóhun tí ẹ fi so ọṣán pọ̀, kí ó lè sinmi. Iyán gbígbóná kan, omi, ọkọ̀ yá. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ lu díẹ̀ kí ọ̀nà má baà gùn, ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sùn lẹ́yìn.