Ọdún 2014: Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Mi

Àná ni mo tú ìwé tí mo kọ èrò ọdún yìí sí jáde. Nǹkan márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ṣe: mo pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Mi ò tíì jókòó fún ìdánwò nọ́ọ̀sì. Mi ò lọ sílé, Màámi ṣì ń bínú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Baseball kò sí nínú ìwé náà rárá. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, ohun tí mo sì mọ̀ nípa eré yìí kò ju pé kì í tètè parí. Bàbá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú lóru ló kó bá mi. Láti 1985 tí Royals, ẹgbẹ́ baseball ìlú wa, ti gba ife, ọdún 29 gbáko, wọn ò tún dé ìdíje ìparí sáà mọ́.

Lálẹ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ Oakland ń nà wọ́n, 7 sí 3, ó ku méjì nínú abala mẹ́sàn-án tí eré máa ń ní. Mo ti fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Bàbá ní, "Jókòó." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí béèsì, ìyẹn ni pé kí eléré já sáré lọ sí ibùdó tó kàn láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà méje lálẹ́ ọjọ́ kan! (Eré wo ni wọ́n tún ti ń pàtẹ́wọ́ fún olè?) Wọ́n dá a padà sí ọ̀mì, eré di abala kejìlá. Salvador Perez, tí kò rí nǹkan kan gbá dáadáa látìbẹ̀rẹ̀, na igi sí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó yẹra fún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kẹta kọjá fíú. 9 sí 8. Bàbá tí kì í lè dá jókòó ti nàró lórí ibùsùn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gbà kí n kúrò lórí àga náà mọ́. Ó ní oríire àwọn Royals òun wà níbẹ̀. Wọ́n na Angels lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n na Orioles lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò pàdánù ẹyọ kan. Omi tó ń tú sókè káàkiri ìlú, wọ́n rẹ ẹ́ láró, bí ẹni pé Òṣogbo la wà.

Giants ló dá wa dúró nínú ìdíje àṣekágbá, ní eré keje tó kẹ́yìn, 3 sí 2. Bumgarner yẹn, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ọjọ́ méjì péré ló fi sinmi, síbẹ̀ abala márùn-ún ló fi há wa mọ́lẹ̀. Ó ku ẹnì kan tí wọ́n máa lé jáde kí eré parí, Alex Gordon tiwa dúró ní béèsì kẹta, ẹsẹ̀ bàtà 90 ló kù kó délé, kó di ọ̀mì. Perez gbá bọ́ọ̀lù sókè, Sandoval ti Giants há a.

Ibi tí mo dìde lọ gbé oògùn Bàbá nìyẹn o. Títí dòní, èmi ló ń dá lẹ́bi. Lóru àná ó tún bi mí bóyá mo ti fọ aṣọ búlúù Royals mi, pé oṣù kejì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì.