Ìyá Onígèlè

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ọdún 2013 ni, nígbà tí Màmá wa pé 70 ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká pe ayàwòrán gidi. Èmi ni mo yọ ẹnu: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fowó ṣòfò. Èmi ni màá yà á.” Kí ló fún mi láyà? Kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Computer Village n’Íkẹjà, tí wọ́n kọ “16 megapixels” gàdàgbà sí níwájú. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní ó ń ríran lóru bí ológbò. Mo ka ìwé dé yunifásítì o, ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ ológbò gbọ́.

Ọjọ́ òde pé, ayàwòrán kan yọjú fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yọjú. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbé fíláàṣì lé e lórí, ṣùgbọ́n dípò kó kọjú rẹ̀ sí àwọn èèyàn, òkè ló kọ ọ́ sí, sí abẹ́ kánópì funfun. Mo ké sí àwọn ẹbí: “Ẹ wá wo ẹni tó ń ya òrùlé!” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn pamọ́, a máa nílò rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú. Jẹnẹrétọ̀ wa ń gbé gílóòbù mẹ́ta àti ẹ̀rọ olórin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Olórin ki Màmá, Màmá dìde jó, owó ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Èrò ti tì mí sẹ́yìn, ó tó mítà mẹ́wàá sí i. Obìnrin kan sì jókòó gan-an níwájú mi. Gèlè tó wé, háà! Mo ti rí ilé alájà kan tí kò ga tó o. Mo na kámẹ́rà sókè, mo fa ojú rẹ̀ jáde kó lè sún mọ́ Màmá, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń jó. Fọ́tò 64.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé yí kọ̀ǹpútà ká. Fọ́tò kìíní: gèlè. Ìkejì: gèlè. Ìkẹta: gèlè, ó yí díẹ̀ sápá òsì. Ìkọkànlélógún: gèlè, àti yẹtí kan. Ó mọ́ kedere débi pé mo ka ìṣẹ́po rẹ̀, mọ́kànlá ni. Lẹ́yìn rẹ̀, òkùnkùn biribiri.

Màmá wò ó títí. “Ọmọ mi, èmi dà?”

“Ẹ wà níbẹ̀, Mà. Ẹ wà lẹ́yìn gèlè.”

Àṣé fíláàṣì irú kámẹ́rà yẹn, bíi mítà mẹ́ta ni agbára rẹ̀ mọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí mo tàn, ẹ̀yìn orí obìnrin yẹn ló kú sí. Kámẹ́rà rí gèlè tó ń dán yanran, ó gbà pé ojúmọ́ ti mọ́, kò tún wá nǹkan kan mọ́. Mo kúkú gbìyànjú láti pa fíláàṣì níbi bíi mẹ́fà. Ìyẹn wá burú jù. Kámẹ́rà lajú sílẹ̀ pẹ́ títí kó lè rí ìmọ́lẹ̀ mu, Màmá ń jó lọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ni Màmá bá di ọlọ́wọ́ mẹ́rin. Gbogbo ojú rẹ̀ sì rí kúrúkúrú bí ẹni pé wọ́n fọ́n gaàrí Ìjẹ̀bú sí i.

Ìyà jẹ mí tán kí n tó lọ ka ìwé. Pátákó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà mi, nǹkan bíi mìlímítà 6 ní gígùn, 4.6 ní fífẹ̀ ni, kò tó èékánná ọmọ ìka mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ki ojú kéékèèké mílíọ̀nù 16 sí, “16 megapixels” ọjọ́sí nìyẹn! Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ bí òjò, kí ẹ tẹ́ ìdérí ìgò mílíọ̀nù 16 sílẹ̀. Lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀ ní àrọ̀ọ̀dá, gbogbo rẹ̀ á kún. Lóru, ìrì ni. Kámẹ́rà wá ń fẹ ìrì yẹn lójú kó lè dà bí òjò, ìdọ̀tí inú rẹ̀ náà sì ń fẹ̀ sí i: gaàrí yẹn nìyẹn. Pátákó irú kámẹ́rà ńlá kan wà tó jẹ́ mìlímítà 36 ní gígùn, 24 ní fífẹ̀, ìyẹn ju tèmi lọ bí ìlọ́po 30. Ojú tí mo sì fà jáde yẹn, bó ṣe ń gùn ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń há. Mo fọwọ́ ara mi fọ́ ara mi lójú.

Ká padà sí òwúrọ̀ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń bú mi lọ́wọ́ ni Àǹtí mi tó pín ẹ̀bùn lálẹ́ àná ti pariwo. “Dúró! Fẹ abẹ́ àga yẹn lójú!”

Mo fẹ̀ ẹ́. Láílọ́ọ̀nù ńlá kan wà lábẹ́ àga ìyá onígèlè, fíláàṣì mi sì ti ràn án láìku kan. Ife méje. Ike mẹ́rin. Agbòòrùn méjì.

“Agbòòrùn! Agbòòrùn àwọn àna!”

Ẹnì kan ò rántí mi mọ́. Ta ni obìnrin yìí? Kò wọ aṣọ ẹbí. Ìdílé Bàbá ní ará ìdílé Màmá ni, ìdílé Màmá ní ẹ má fi ṣe àwọn. Mogbọ́moyà ni! Fọ́tò 64, kò fi ojú hàn nínú ẹyọ kan.

Àárín ìyẹn ni ayàwòrán àná wọlé pẹ̀lú àpòòwé. Màmá rèé, ojú ń tàn bí òṣùpá, èèyàn márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn mọ́. Kánópì funfun ló gba ìmọ́lẹ̀ tó ń jù sókè, tó dà á padà lé gbogbo èèyàn lórí jẹ́jẹ́. ₦300 ni ẹyọ kan. Mo ní kó ṣe é ní ₦200 fún mi.

Ó wò mí dáadáa. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní mò ń ya òrùlé?”

Mo san ₦6,000 fún ogún. Mi ò ná an mọ́.

Àǹtí mi ní kí n tẹ ọ̀kan nínú tèmi fún òun, kó tóbi dáadáa. Inú báàgì rẹ̀ ló wà. Bí ẹ bá rí ìyá kan lóde àríyá tó ń rìn lẹ́yìn àwọn èèyàn, tó ń wo fọ́tò, tó ń wo ẹ̀yìn orí wọn, ẹ bá mi kí i.