Ìyá Arúgbó Tó Pè Wá Ní Òṣì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé kì í ṣe owó ló gbé wa dé ilẹ̀ Gíríìsì. Físà ni. Ẹni tó bá ń lo páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní London á mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n gba sítéètìmẹ́ǹtì báǹkì, wọ́n gba lẹ́tà ibi iṣẹ́, wọ́n gba inṣọ́ránsì, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ní kí n lọ wá eyín tí mo kọ́kọ́ ká wá, torí náà nígbà tí físà yẹn jáde, ká lówó ká má lówó, a máa lò ó ni.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé ní Peckham la jọ lọ, kálukú pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn, àti gàrí kóńgò méjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ sì mọ àwọn òṣómàáló, òun ni mo fi ṣe akápò. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní Áténì, yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn nínú ẹ̀ ló mú fún wa, ó ní àwọn tó ń hanrun á máa bá wa ṣọ́ ẹrù. Gbogbo ayé ń gbójú sókè wo Akropolis, àwókù ilé àtijọ́ tó wà lórí òkè láàárín ìlú, òun ń wo omi ìgò, torí ìjọba wọn ti fòfin de iye tí wọ́n lè tà á, séńtì 50 péré ni ìgò kékeré ní kíóòsì. Ó ní "ìjọba nìyẹn," ó ra mẹ́fà, èmi ló gbé e fún.

Láti Piraeus, èbúté Áténì, la ti wọ ọkọ̀ ojú omi alẹ́ lọ sí erékùṣù Kírétè, bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Àwọn olówó wà nínú yàrá, tiwa ni dẹ́ẹ̀kì. A tẹ́ ìró màámi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń nà wá bí ẹni tó jalè, a rẹ gàrí, ajá òyìnbó kan jókòó tì wá, ó ń wò wá tàánútàánú. Ìgbà yẹn náà ni màámi pè lórí WhatsApp. "Ṣé Kírétè tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí náà ni? Ẹ máa hùwà ọmọlúàbí níbẹ̀ o." Mo ní ẹ má dààmú, mà.

Chania, ìlú kan ní Kírétè, la wọ̀ sí, òun ló wá ní ká lọ rìn nínú àfonífojì Samaria torí pé ẹsẹ̀ kì í gba owó bọ́ọ̀sì. Kìlómítà 16! Orí òkè tó lé ní mítà 1,200 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí òkun, kò sì sí títì mọ́tò níbi tẹ́ ẹ máa já sí, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èèyàn kúrò níbẹ̀. Ibì kan wà tí àpáta ọ̀tún àti tòsì sún mọ́ra débi pé ó ku bíi mítà mẹ́rin péré láàárín wọn, ó rẹwà o, mi ò purọ́, àmọ́ bàtà òkìríkà tí mo rà lọ́jà Deptford ti yanu bí ọ̀nì nígbà yẹn, orúnkún mi sì ń gbọ̀n bíi ti ọkọ ìyàwó tí wọ́n ní kó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀keje. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn.

Ọkọ̀ ojú omi já wa sí abúlé kan tó ń jẹ́ Chora Sfakion, ibẹ̀ la ti máa wọ bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn padà sí Chania. Bọ́ọ̀sì tò rẹrẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ jẹ́ tàwọn tí wọ́n háyà ọkọ̀ tiwọn. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ XANIA síwájú ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kà á, ó ní "Zania. Ìyẹn ò kàn wá, bóyá ẹ̀gbọ́n Tanzania ni." Ta ló fẹ́ sọ fún wa pé X tiwọn, "h" ni?

Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, ó ń ta oyin àti ewé tíì. Mo dọ̀bálẹ̀ ìdajì, báàgì ò jẹ́ n délẹ̀, mo nawọ́ sí bọ́ọ̀sì, mo ní "Mama, Chania?"

Ó ní "Né, né!"

Èmi tí mo ti ń gbọ́ "nay" lẹ́nu àwọn aṣòfin Abuja láti kékeré, mo mọ̀ pé ó ní rárá nìyẹn. Mo dúpẹ́, a sọ báàgì kalẹ̀. Ìyá tún ń nawọ́ sí bọ́ọ̀sì. Mo ní bóyá ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òmíì ń bọ̀ ni, mo bi í, "Another bus? Later?"

Ìyá fò dìde. "Óṣì! Óṣì!"

Ohùn ẹ̀ lọ sókè díẹ̀ ju tiwa lọ lóòótọ́, àmọ́ ṣé òyìnbó mọ àmì ohùn ni? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní "Ta ni òṣì? Nítorí pé bàtà ẹ ya?" Mo ní jọ̀ọ́, àgbà ni. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wá dá sí i, mo yíjú sí i, mo ní "Bus, tomorrow?" Bàbá yìí gbé àgbọ̀n sókè, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó sì pòṣé. Ó pòṣé sí mi lójú! Inú tèmi náà wá ru, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti bọ́ sí èdè Iléṣà, ìyá ń ké "óṣì" ó ń fi ọ̀pá júwe bọ́ọ̀sì hàn wá, bàbá ń pòṣé lọ ràì, a sì jọ ń bá a lọ báyìí títí bọ́ọ̀sì Zania fi rọra kọjá níwájú wa, ó gun òkè lọ.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kejì tó gbọ́ òyìnbó ló wá là wá. Ó ní "né" ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní "óhì" ni rárá, ẹnu àwọn ará Kírétè ló máa ń sọ ọ́ di "óṣì". Ó ní ká gbé àgbọ̀n sókè ká sì pòṣé, rárá náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bú wa. A bi onítakisí léèló dé Chania. Nígbà tó dáhùn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà jókòó sílẹ̀ láìwẹ̀yìn, torí bẹ́ẹ̀dì tó ti sanwó ẹ̀ wà ní Chania, kò sẹ́ni tó ń sùn lórí ẹ̀.

Ìyá tá a bú yìí náà ló mú wa wọlé. Ó dín nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wárà wà nínú ẹ̀, ó da oyin lé e, ó gbé ìgò kékeré kan wá, ó mọ́ bí omi, mo gbé e mì, mo sì rántí bàbá bàbá mi. Ògógóró ni! Rakí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bi mí bóyá owó wà lórí ẹ̀, mo ní ọ̀fẹ́ ni, ó mu mẹ́rin.

Ibi tí ìyá ti ń bu ìkarùn-ún fún un ni màámi tún pè, fídíò. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń na ìka sí ìyá arúgbó, tó ń pariwo "Óṣì, màmá! Óṣì!"

Màámi ní "Ta lẹ̀ ń pè ní òṣì níbẹ̀ yẹn?"

Mo ṣàlàyé, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ìyá onílé, kí wọ́n bá wa tọrọ àforíjì. Mo gbé e fún wọn. Màámi kúnlẹ̀ ní pálọ̀ tiwọn ní Òṣogbo, wọ́n ní, "Ẹ kú ìtọ́jú wọn o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ tèmi ṣe dáadáa sí yín?"

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé wọ́n ń bi òun bóyá a yọ òun lẹ́nu, ó ní "Óṣì! Óṣì!"