Ọjọ́ wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òṣèlú, bí ẹ bá rí i tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ìyípadà tegbòtigàgá kan, pé ó ṣe ìlú láǹfààní tàbí ó bà á jẹ́, ẹ má tíì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí kálukú wọn ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ èyí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo kọ iṣẹ́ kan lórí ìyípadà ilẹ̀ Faransé. Mo pe Edmund Burke, tó kọ̀wé tako ìyípadà náà, ní ẹrú ọba, mo gbé Thomas Paine, òǹkọ̀wé tó gbè sẹ́yìn rẹ̀, gẹ̀gẹ̀. Mi ò ka ìwé Burke rárá o. Ohun tí Paine sọ nípa rẹ̀ ni mo kà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Olùkọ́ mi fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1789, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀wọ̀n Bastille, ó sì kọ ọ́ sétí ìwé pé: “Kí ló dé tó jẹ́ ibí lo ti bẹ̀rẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo padà lọ ka Burke. Àṣé ọkùnrin yìí kan náà ló dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1775, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn ará Amẹ́ríkà làjà. Ti Faransé ni kò lè gbà. Òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1789 ló ká a lára jù, nígbà tí èrò ya wọ ààfin Versailles, tí ayaba sì sá jáde nínú yàrá rẹ̀. Lójú Burke, ogún ni ìlú: àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àtàwọn tí a ò tíì bí ló jọ ni ín. Ẹni tó bá wó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ipá nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún un láti fi ṣàkóso. Ní 1790 ló ti kọ ọ́ pé ọ̀gágun kan ni yóò gbẹ̀yìn di ọ̀gá gbogbo wọn. Ọ̀gágun Napoleon gbàjọba ní 1799, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Burke.

Paine fèsì ní 1791: Burke ń káàánú ìyẹ́, ìyẹn ọlá ààfin, ó gbàgbé ẹyẹ tó ń kú lọ, ìyẹn àwọn tó ń jìyà. Ní tirẹ̀, ìwà ìkà náà ti fìdí múlẹ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n tó bí Louis Kẹrìndínlógún, ọba Faransé ìgbà náà, nítorí náà kì í ṣe ọba yìí gan-an ni wọ́n ń bá jà.

Ẹni tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Tocqueville, òǹkọ̀wé ará Faransé. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1856, lẹ́yìn tó ti tú àkọsílẹ̀ ìjọba àtijọ́ wò. Ó rí i pé ibi tí nǹkan ti ń sàn díẹ̀díẹ̀ ni ìbínú ti pọ̀ jù. Ìyà tí èèyàn ti ń fara dà tẹ́lẹ̀ máa ń di aláìṣeéfaradà lọ́jọ́ tó bá rí i pé òun lè bọ́ nínú rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà.

Èyí tó ń dùn mí ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí la máa ń kà tán, a ó ní ẹjọ́ ti parí. Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà tó di Haiti lónìí, ńkọ́? Ní 1789 Faransé kéde pé òmìnira ni wọ́n bí gbogbo èèyàn mọ́, àwọn ẹrú sì wà nínú oko ìrèké níbẹ̀. Wọ́n dìde fúnra wọn ní 1791. Paris fòpin sí oko ẹrú ní 1794, Napoleon dá a padà ní 1802, Haiti gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804. Ní 1825 Faransé tún ní kí wọ́n wá san mílíọ̀nù 150 fáráǹkì fún àwọn tó ní oko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò èrè àti àdánù tí kò ka èyí mọ́ ọn, ẹ dá ìṣirò rẹ̀ padà fún un.

Ẹ tún wo ohun tí ìgbàgbọ́ kálukú ná an. Paine wà nínú ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ ọba. Ó ní kí wọ́n má pa á, kí wọ́n lé e lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n bẹ́ ọba lórí ní oṣù Kìíní 1793, wọ́n sì ju Paine sẹ́wọ̀n kí ọdún náà tó parí. Ó lé ní oṣù mẹ́wàá níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó padà sínú ìgbìmọ̀ náà, ó sì dìde ní 1795 láti tako òfin tó fẹ́ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn tálákà.