Ẹnà kọ́ lèdè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí èdè àtọwọ́dá

Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá èdè sábà máa ń ti orí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Á kọ "omi", "iná", "ilé" sí apá kan ìwé, á hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tó wù ú sí apá kejì. Tó bá fi máa kọ igba, inú rẹ̀ á ti máa dùn. Ẹnà ló ṣe. Yorùbá ṣì ni, aṣọ nìkan ló pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ bíi "jẹ" ló ń tú àṣírí ẹ̀. À ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè. Bí ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo bá dúró fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò tíì kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí gbèsè di ohun téèyàn ń rù, kí oyè di ohun téèyàn ń jókòó lé. Adùn iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ìró ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì 10 (b, t, k, m, n, s, l, f, w, y) àti fáwẹ̀lì 5 (a, e, i, o, u) ti tó. Sílébù kọ̀ọ̀kan, kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan. Èmi máa ń yọ "u" sọ́tọ̀ fún àfòmọ́ ìparí (ègé tá a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀) nìkan. Fáwẹ̀lì 4 tó kù á fún yín ní sílébù 40, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì á jẹ́ 1,600. Bí ẹ ò bá ya nǹkan kan sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, tí "ti" wá jẹ́ àmì ọ̀pọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá fi "ti" parí, bíi "kati", á máa dà bí ohun tó pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀bẹ kan péré ni.

Ká ní "kelo" ni ọmọ, "sina" ni ajá, "timi" ni rí. "Nu" ń tọ́ka sí àbọ̀ (ẹni tàbí ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí), "mu" sí ohun tó ti kọjá (Yorùbá kì í fi àmì sí èyí, ìdí tí mo fi fi í sí i nìyẹn). "Kelo sinanu timimu": ọmọ rí ajá. Ẹ lè yí i sí "sinanu kelo timimu", ajá náà ni wọ́n ṣì rí. Irú iṣẹ́ yìí ni Zamenhof, ẹni tó ṣẹ̀dá èdè àtọwọ́dá tó ń jẹ́ Esperanto, gbé fún "n" nínú èdè náà, ní 1887.

Wàyí o, "ajá tí ọmọ rí" ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á kàn hùmọ̀ ọ̀rọ̀ fún "tí", wọ́n á fi sẹ́yìn ajá. Èdè Japan kò ní "tí" rárá; iwájú ni gbólóhùn náà ń wà: "kelo timimu sina". Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án.

Ohùn ló ń dójú ti àwa Yorùbá jù. Lónìí ẹ ó ka "kelo" bíi kélò, lọ́la bíi kèló. Esperanto ń fi agbára pe sílébù kejì láti ẹ̀yìn nígbà gbogbo. Ẹ fi ohùn òkè síbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ síyòókù: kélò, tìmímù.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà máa ń dín ọ̀rọ̀ kù. Nínú Esperanto, "bona" ni dára, "malbona" ni burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe gbogbo ẹ̀ o. "Dekstra" ni ọ̀tún, "maldekstra" ni òsì: ẹ pariwo ẹ̀ sí ẹni tó ń wa mọ́tò ní oríta, kẹ́ ẹ wo ibi tó máa yà sí.