Ẹ ka abala 107 òfin ìpilẹ̀ Benin kí ẹ tó gbé àbá òfin lọ sí Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá agbẹjọ́rò tó di depité (aṣòfin) ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin agbẹjọ́rò Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, níbi tí Ilé Aṣòfin Benin wà) tí ẹ ń wo ọ̀nà Ilé náà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí, n ò ní purọ́.

Àbá òfin wa dára. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀. Abala 14 ló ní, àlàyé ìdí rẹ̀ sì kún ojú ewé 8. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí ìjọba máa bá opó san owó ẹni tó ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún àwọn tó gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, torí owó yẹn ni kì í jẹ́ kí ìyá tó ti Kétu wá pẹjọ́ ní Pobè lè bá ẹjọ́ rẹ̀ dópin. Ọ̀gá mi, agbẹjọ́rò tó di depité, rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin bí ẹni pé adájọ́ ló jókòó síwájú wọn. Nígbà tí wọ́n parí, ẹnì kan tí kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ìwé rẹ̀ béèrè pé: «Maître, níbo lowó yìí yóò ti wá?» (Maître ni wọ́n ń pe agbẹjọ́rò.)

A dákẹ́ bí ẹni bu omi sẹ́nu. Mo ṣí fáìlì, mo pa á dé, mo tún ṣí i, àfi bíi pé owó máa já bọ́ látinú rẹ̀. Ọ̀gá mi padà sórí ẹ̀tọ́ opó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá ka abala 107 inú òfin ìpilẹ̀ ti 11 Oṣù Kejìlá 1990 fún wa, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ iléèwé. Àbá náà kú síbẹ̀, kò kan àríyànjiyàn rárá.

Ohun tí abala náà sọ nìyí: bí àbá tàbí àtúnṣe tí aṣòfin gbé wá bá máa dín owó tó ń wọlé fún ìjọba kù, tàbí tó máa dá ìnáwó sílẹ̀, tàbí tó máa fi kún un, wọn ò ní gbà á, àfi bí aṣòfin náà bá fi hàn nínú rẹ̀ ibi tí owó tó tó bẹ́ẹ̀ yóò ti wọlé, tàbí ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó kù.

Torí náà, ẹ ṣírò kí ẹ tó kọ abala kìíní. Ká ní opó 200 lọ́dún, ìwé 3 fún ẹjọ́ kan, 10,000 sẹ́fà lórí ìwé kan: 6,000,000 sẹ́fà nìyẹn. (Mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni o.) Lẹ́yìn náà kí ẹ dárúkọ ìnáwó tí wọn yóò gé tàbí owó tí wọn yóò gbà, kó tó 6,000,000 náà. «Ìjọba yóò wá owó rẹ̀» kì í ṣe ìdáhùn. Àwa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé abala 105 fún Ààrẹ àti aṣòfin lẹ́tọ̀ọ́ kan náà láti gbé àbá òfin wá, ṣùgbọ́n Ààrẹ ní ilé iṣẹ́ ìṣúná tó ń bá a ṣírò. Ta ló ń bá yín ṣe tiyín?

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Ìjókòó ọdún kan jẹ́ méjì: ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 15 àkọ́kọ́ Oṣù Kẹrin, èkejì ní ìdajì kejì Oṣù Kẹwàá, kò sì sí èyí tó lè ju oṣù 3 lọ. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti ń yẹ ìṣúná wò. Ẹni tó bá fẹ́ gé ìnáwó kan, kó ti mọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ má sọ pé mò ń bú agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò ni Adrien Houngbédji, ó sì darí Ilé náà nígbà mẹ́ta: 1991 sí 1995, 1999 sí 2003, 2015 sí 2019. Àṣà kóòtù ni mò ń bá wí. Ní kóòtù, ẹnì kan lẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Ní Ilé Aṣòfin, abala 80 ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni aṣòfin ń ṣojú fún, bí àwọn ará ilé tiẹ̀ ń kanlẹ̀kùn láàárọ̀ nítorí owó ìkómọ. Ní kóòtù, adájọ́ lẹ fẹ́ yí lọ́kàn padà. Níbí, ìbò lẹ ń wá láàárín èèyàn 109, ọ̀pọ̀ wọn sì ti mọ ohun tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ ìjókòó tó pé. Ẹni tó bi wa ní ìbéèrè ọjọ́sí, ká ní a ti lọ kí i, á ti béèrè rẹ̀ nílé.

A tún àbá náà ṣe, wọ́n gbà á wọlé, ó ń retí àyẹ̀wò báyìí. Ìwé ìṣirò owó náà, inú àbá gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kó ní abala tirẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó bá a lọ. Lẹ́tà máa ń sọnù.