Ẹ má kọ "lébìrà 14": ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin akọ̀wé sáìtì

Oṣù yìí ló pé ọdún 15 tí mo ti ń ṣe akọ̀wé sáìtì ní Òṣogbo. Mo ti ṣe ti gọ́tà, mo ṣe ti afárá, mo ṣe ti ilé ìwé. Ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí tí lébìrà kankan kò fi ẹkún kúrò níwájú tábìlì mi. Mo fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí àbúrò kan ní sáìtì gọ́tà lọ́nà Òkè-Fíà. Mo ṣí ìwé rẹ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: "Lébìrà 14. Bíríkìlà 3." Kò sí orúkọ, kò sí iye owó. Àyà mi já.

Àkọ́kọ́, orúkọ ni kí ẹ kọ. Orúkọ, irú iṣẹ́, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ. Kí ẹ kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èkejì, ẹ má kó owó ogún èèyàn lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Kí oníkálukú wá gba tirẹ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka.

Ẹ̀kẹta ni pé kí iye owó hàn síta. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ọdún 2013 ni. À ń kọ́ yàrá ìkàwé mẹ́fà fún ilé ìwé ìjọba kan. Náírà 1,500 lójúmọ́ ni agbaṣẹ́ṣe kọ fún lébìrà nínú ìwé ìnáwó. Èmi ni mo tẹ ìwé náà. Ní Sátidé, ọ̀gá lébìrà á gba owó lọ́wọ́ mi, á lọ pín in lẹ́yìn ọgbà. Ẹgbẹ̀rún kan ló ń fún wọn. Ó ta sí mi létí, n kò bèèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Nígbà tó yá, owó dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Bàbá kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Bàbá Oníbárò. Ó ń fi èédú fa ilà sára ògiri yàrá kẹta tí à ń kó sìmẹ́ǹtì sí, ilà kan fún ọjọ́ kan. Àwọn yòókù rí i, wọ́n ṣe tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ya ọkọ́ sórí ilà tirẹ̀, ẹnì kan ya ẹja, kí tiwọn má bàa dàrú mọ́ra. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ògiri yẹn.

Ni wọ́n bá ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà: "Kí bíríkìlà méjì rẹ́ yàrá kẹta." Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti rẹ́ ẹ tán, ó ń dán. Bàbá ti bárò iyanrìn wọlé, ó dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tútù náà, ó yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ìwé wa dà?"

Mo ṣí tèmi. "Lébìrà 9." "Lébìrà 11." "Lébìrà 9."

Nígbà tí owó dé, ọ̀gá lébìrà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá ṣe. Bàbá ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni. Ta ni yóò jẹ́rìí? Ìwé mi kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni wọ́n kà fún un. Ó ká a sínú fìlà, ó ní, "Ẹ ṣé o," ó sì lọ. Kò padà wá mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá lébìrà yẹn títí dòní, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni bíírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ owó òṣìṣẹ́, kó sì pa á mọ́ fún ọdún 3. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba kan agbaṣẹ́ṣe tó ń ná owó ìlú pẹ̀lú. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ní 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé ó kan àwọn ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, ìwé tí ẹ ń kọ kì í ṣe ìwé ọ̀gá yín nìkan. Ní Amẹ́ríkà, láti 1935 ni òfin Davis-Bacon ti ní kí wọ́n lẹ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojútáyé ní sáìtì ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ní sáìtì tí mo wà báyìí ní Ìgbóná, mo fi ọ̀dà funfun kọ iye owó sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ka orúkọ ọjọ́ náà sókè, kí ẹni tí n kò bá pè lè sọ̀rọ̀. Lánàá, ọmọ kan ní mo fo òun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A yẹ ìwé wò, a bi bíríkìlà tó bá ṣiṣẹ́ léèrè, òun ló jàre. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i.